Ìsọ̀kalẹ̀ Òkè: Ẹ̀kọ́ Láti Adó-Àwáyè

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kì í ṣe lórí gírámà èdè Lárúbáwá gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹgbẹ́ ní Òkè-Ògùn ni ó fẹ́ kó ọmọ lọ sí àgọ́ ìsinmi, kí wọ́n sì fi ọjọ́ kan nínú rẹ̀ gun òkè. Èyí dára púpọ̀. Ọmọ tí ó bá ti jókòó ti wàláà láti ọdún dé ọdún yẹ kí ó rí ibi na ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé ètò tí wọ́n fi hàn mí, "Gígun òkè" ni mo ń rí, n kò rí "Sísọ̀ kalẹ̀" nínú ọ̀kan ṣoṣo. Wọ́n kọ aago tí wọn yóò gùn ún, wọ́n kọ orúkọ ẹni tí yóò ṣe wáàsí lókè, wọ́n kọ iye kúlà ìrẹsì, ó wá dà bí ẹni pé òkè náà fúnra rẹ̀ ni yóò gbé wọn padà sílẹ̀. Nítorí náà ni mo fi mú kálàmù.

Òkè tí à ń wí

Adó-Àwáyè wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, nǹkan bí 20 kìlómítà sí ìlú Ìsẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti ìhà ibẹ̀ yóò ti máa rí òkè náà lókèèrè, àpáta gbọọrọ tí ó nà gbalaja bí erin tí ó dùbúlẹ̀. Àtẹ̀gùn tí ó ju 350 lọ ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ gùn. Lẹ́yìn náà ni ìrìn gidi yóò bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀yìn òkè: àpáta gbalasa níhìn-ín, koríko níbẹ̀, igi tí ó ṣú bo ọ̀nà níwájú. Níbẹ̀ ni Ìṣàgè wà, òkúta ràgàjì tí etí kékeré ni ó fi kan ohun tí ó dúró lé. Níbẹ̀ ni Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà wà, ihò tí ó rí bí ojú ẹsẹ̀ lára àpáta. Ibi tóóró kan sì wà tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé, Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run. Orúkọ rẹ̀ ti sọ bí ó ṣe rí, n kò ní í fi kún un.

Àwọn àgbà ìlú náà a máa túmọ̀ Àwáyè sí "àwa yè", pé orí òkè ni àwọn baba ńlá wọn sá sí nígbà ogun Dàhómì, tí wọ́n sì yè. Mo fẹ́ràn ìtumọ̀ yìí. Orúkọ ìlú náà jẹ́ ìròyìn láti ẹnu àwọn tí ó padà sọ̀ kalẹ̀ láàyè.

Irú àpáta yìí, tí ó kún Òkè-Ògùn láti Ṣakí dé Ìgbẹ́tì, inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni ó ti le gbagidi, ó ti ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ. Ilẹ̀ tí ó bò ó ni òjò ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí orí rẹ̀ fi yọ síta. Nígbà tí ẹrù orí rẹ̀ fúyẹ́, àpáta náà wú díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Ìpele tí ó ti bó ṣùgbọ́n tí kò tíì já bọ́ ni èmi ń bẹ̀rù jù. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, yóò dún bí ẹní gbá garawa òfìfo. Ẹ má ṣe kó ara yín jọ sórí irú rẹ̀ ní ẹ̀bá òkè torí àtiya fọ́tò.

Adágún Ìyàkẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń torí rẹ̀ lọ. Àpáta náà kì í jẹ́ kí omi rì sínú, nítorí náà ibi tí ó bá ti jìn kòtò ni òjò ń dúró sí. Àwọn afinimọ̀nà a máa sọ pé irú rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó kù ní ayé, èyí tí ó wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. N kò tíì pàdé ẹni tí ó ka gbogbo adágún ayé tán kí ó tó sọ ọ́. Ti Colorado náà, tí wọ́n ń pè ní Hanging Lake, kò tilẹ̀ bá tiwa dọ́gba. Omi tí ó ní ẹfun nínú ni ó ń to etí rẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀, bí ìdọ̀tí funfun ṣe ń dì mọ́ inú kẹ́tùlù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a kọ́. Ìrìn bí i kìlómítà méjì ni láti ìsàlẹ̀ dé ibẹ̀, ó sì ga tó 300 mítà, nítòsí ìlú orí òkè kan tí ń jẹ́ Glenwood Springs. Láti 2019, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gùn ún láìgba ìwé àṣẹ tí ó ní ọjọ́ àti wákàtí tirẹ̀ lórí. Wíwẹ̀ nínú adágún náà sì jẹ́ èèwọ̀. Ìjọba ni ó ń bá wọn ka aago. Àwa ni yóò ka tiwa fúnra wa.

Ní ti Ìyàkẹ̀, àwọn ará ìlú ní òrìṣà ni ó ni ín. A kò torí ìyẹn lọ, a kò sì lọ láti fi onílé ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ kí wọn, ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn, ẹ san ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ san, ẹ má sì wọ inú omi náà. Etí rẹ̀ ń yọ̀, kò sí ẹni tí yóò fi ọwọ́ fà yín jáde.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2016

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, èmi ni àmíìrì fún àwọn ọ̀dọ́ kan tí ó lọ gun òkè yìí. Àwa 41 ni, ọkùnrin 24, obìnrin 17. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni a kọ sí ìwé. Ọkọ̀ kejì pẹ́, a dúró dè é. Ìrẹsì kò tètè jinná, a dúró dè é. Ẹni tí yóò ṣe wáàsí pẹ́, a dúró de òun náà. Aago méjì ọ̀sán ku díẹ̀ ni a tó fi ẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn àkọ́kọ́.

Arábìnrin kan wà láàrin wa tí ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà. Ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni ó ti bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, aago mélòó ni a óò sọ̀ kalẹ̀?" Mo ní, "Bí a bá ti ṣe tán." Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a kí ìrun Alaásárì tán lókè, ó tún tọ̀ mí wá pé ìlà-oòrùn ti ń ṣú. Mo ní kí wáàsí parí ná. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé mi. Ó yé mi yékéyéké. Obìnrin ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, àwọn tí ó dàgbà jù mí lọ sì jókòó tí wọ́n ń gbádùn ọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí láti dìde láàrin wọn kí n ní ó tó gẹ́ẹ́.

Atẹ́gùn ni ó kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà òjò. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi dá, ṣùgbọ́n gbogbo àpáta ti rẹ, ilẹ̀ sì ń ṣú. Nígbà tí a ń wá ọ̀nà àtẹ̀gùn, ọmọ ọdún 16 kan fi ẹsẹ̀ lé ibi tí omi máa ń gbà ṣàn, ó yọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lọ́. Gbogbo wa gbọ́ ìró rẹ̀. Kò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀ mọ́. Nínú ènìyàn 41, tọ́ọ̀ṣì kan ni a mú lọ, fóònù mẹ́ta péré ni ó sì ṣẹ́ iná kù. Fọ́tò ni a fi ti àwọn yòókù jẹ. A fi aṣọ gèlè arábìnrin kan di ẹsẹ̀ náà mọ́ igi méjì, a sì ń pọn ọmọ náà ní ìkọ̀ọ̀kan. Ohun tí a gùn ní ìṣẹ́jú 40, wákàtí méjì ni a fi sọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú tí ó rí iná wa lókè ni ó gbé fìtílà pàdé wa. Ọ̀kan nínú wọn, ọlọ́kadà, gba ọmọ náà lẹ́yìn wa, ó sì pọ̀n ọ́n dé ìsàlẹ̀ láìsinmi. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀, ó ti sán.

Nígbà tí mo ka àwọn ènìyàn mi ní ìsàlẹ̀, 40 ni mo bá. Mo tún un kà, 40 náà ni. Inú mi fò lọ. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé n kò ka ara mi.

Kí a ka aago láti ẹ̀yìn wá

Aago Mọ̀gàríbà ni ẹni tí ń gun òkè yóò kọ́kọ́ wò. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, oòrùn a máa wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ nínú oṣù Kọkànlá àti Kejìlá; ní oṣù Kẹrin ó súnmọ́ aago méje. Bí ó bá sì ti wọ̀, kò ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ tí ènìyàn yóò fi rí ojú ọ̀nà dáradára. Nítorí náà, ẹ yọ wákàtí kan kúrò fún ohun tí ẹ kò rò tẹ́lẹ̀. Ẹ yọ iye àkókò tí ẹ fi gun òkè kúrò, kí ẹ sì fi ìdajì rẹ̀ kún un, nítorí ẹsẹ̀ tí ó ti rẹ̀ kì í yára. Ohun tí ó bá kù ni aago tí ẹ óò kẹ́yìn sí orí òkè. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ètò kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn ní ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, aago yìí kò gbọdọ̀ yẹ̀. Àkókò ìjókòó lókè ni yóò dín kù. Bí ẹ kò bá tíì dé Ìyàkẹ̀ nígbà tí ó lù, ẹ padà. Ó ti wà níbẹ̀ kí a tó bí yín.

Mo mọ̀ pé èyí ni ó le jù. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ àwọn tafàtafà ọjọ́ Uhudu, ní ọdún kẹta Hijira. Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) fi 50 tafàtafà sórí òkè kékeré kan, ó sì pa á láṣẹ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe kúrò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ogun ti fẹ́ ṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn sọ̀ kalẹ̀ torí ọrọ̀ ogun, bí olórí wọn tilẹ̀ ń dá wọn dúró. Ibẹ̀ ni Khalid ọmọ Walid, tí kò tíì gba Ìsìláàmù nígbà náà, ti gba ẹ̀yìn yọ sí àwọn Mùsùlùmí. Àwọn yẹn tètè sọ̀ kalẹ̀, àwa pẹ́ kí a tó sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ó ṣe wá: àdéhùn ìsàlẹ̀ di ìgbàgbé nígbà tí ojú rí ohun tí ó dùn lókè.

Ẹsẹ̀, aṣọ àti omi

Nígbà tí à ń gòkè, mímí ni ó ń ni wá lára. Nígbà tí à ń sọ̀, itan àti orúnkún ni. Gbogbo ìwọ̀n ara ni ó ń já lé orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, itan sì ni ó ń fà á padà, títí tí yóò fi máa gbọ̀n. Bí itan rẹ bá ti ń gbọ̀n, jókòó. Má ṣe sáré sọ̀ kalẹ̀. Gbé ẹsẹ̀ kúkúrú, tẹ orúnkún díẹ̀, fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ kan àpáta. Ibi tí àpáta bá ti dúdú gbọọrọ bí ẹní da epo sí i, ọ̀nà omi ni, ohun kékeré tí ń hù bí èéhù omi ni ó sọ ọ́ di dúdú bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gbẹ, kò burú. Bí ó bá rẹ, ọṣẹ ni. Ẹ gba ibi tí ó pupa tàbí tí ó funfun kọjá.

Káńfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Ẹ̀yin arábìnrin, kò sí ohun tí ó ní kí ẹ bọ́ hìjáàbù yín sílẹ̀ torí òkè, ṣùgbọ́n aṣọ tí ó bá ń wọ́ nílẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ibi tí ẹsẹ̀ òun ń lọ nígbà ìsọ̀kalẹ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò gbọọrọ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ká etí aṣọ náà mọ́ra. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ń wọ jálàmíà, tiyín náà nìyẹn.

Omi ọ̀rá mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kò pọ̀jù, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ti ìsọ̀kalẹ̀. Ẹ má mu omi Ìyàkẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ẹnì kan, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí èébì sì ń gbé e, ẹ gbé e sí abẹ́ igi, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ bu omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ. Lítà omi kan, ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà, ìdajì ṣíbí iyọ̀, ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ń sọ ìsọkúsọ, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni, ẹ má ṣe dúró de kí ó rọ̀ ọ́.

Òjò àti iná

Òjò oníjì ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, láti ìlà-oòrùn ni ó sábà ń gbéra wá. Nítorí náà, ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa wo ìlà-oòrùn. Orí àpáta gbalasa kì í ṣe ibi dídúró nígbà tí àrá bá ń sán, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́ igi tí ó dá dúró. Bí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye. Bí àrá bá sán kí ẹ tó ka 30 ìṣẹ́jú àáyá, ó ti súnmọ́ yín jù, ó yẹ kí ẹ ti kúrò lókè.

Nígbà ọyẹ́, iná ìgbẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Iná a máa sáré gòkè ju bí ó ti ń sáré lórí ilẹ̀ tẹ́jú lọ. Bí ẹ bá rí èéfín nísàlẹ̀ yín, ẹ bọ́ sórí àpáta tí kò ní koríko, ẹ má ṣe wọ inú igbó. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má dáná lókè.

Ìrun lórí òkè

Wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè lórí èyí. Ẹni tí ó wá láti Ìsẹ́yìn sí Adó-Àwáyè kò tíì di onírìn-àjò tí ń dín ìrun kù. 20 kìlómítà kò tó nǹkan kan nínú nǹkan bí 80 kìlómítà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń kà. Ẹni tí ó wá láti Ṣakí lè dín in kù. Ọmọ kan ní òkè gíga yẹ kí a ka gíga rẹ̀ mọ́ jíjìn ọ̀nà. Mo gbóríyìn fún ọgbọ́n rẹ̀, n kò gbà á.

Ní ti àlùwàlá, bí omi tí ẹ gbé kò bá ju èyí tí ẹ óò mu lọ, ẹ má fi òùngbẹ pa ara yín. Ẹ ṣe tàyámámù. Ní ojú ọ̀nà Ìmáàmù Málíkì tí a ń tẹ̀ lé ní apá ilẹ̀ wa yìí, ó tọ́ lórí àpáta bí kò tilẹ̀ sí eruku lára rẹ̀. Bí ẹ bá sì pa aago mọ́, mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ ni ẹ óò ti kí Alaásárì, kí oòrùn tó pọ́n.

Ẹ yan àmíìrì kan, gẹ́gẹ́ bí Ànábì ti pa á láṣẹ fún ènìyàn mẹ́ta tí ó bá jọ ń rìn. Kí ẹni tí ó lágbára gba ẹ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣẹ́kù sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni kí ó wà níwájú, kí gbogbo yín máa rìn bí òun ti ń rìn. A ti kọ́ lẹ́mọ́mù pé kí ó fi aláìlera inú sáfù ṣe òṣùwọ̀n ìrun rẹ̀. Àwọn Sàhábé a máa ṣe tákíbírà nígbà tí wọ́n bá ń gòkè, wọn a sì máa ṣe tásíbíì nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀. Ẹ ṣe é sókè díẹ̀ nígbà ìsọ̀kalẹ̀. Yàtọ̀ sí ẹ̀san rẹ̀, ẹni tí ó wà lẹ́yìn yóò gbọ́ ohùn ẹni tí ó wà níwájú, ẹni tí kò bá sì lè ṣe é mọ́ ni ó ti rẹ̀ tán.

Àwọn tí ó fẹ́ wọ inú Old Oyo National Park, ẹ jọ̀wọ́, ti ibẹ̀ yàtọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni ín láti 1991, ó gbòòrò tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. A kì í dá wọ ibẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ̀ṣọ́ wọn sì mú yín lọ.

Ní 2017 a tún fẹ́ lọ sí Adó-Àwáyè. Mo lọ sí ilé ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sán, nítorí ó ní òun yóò tún bá wa lọ. Ìyá rẹ̀ ń fẹ́ iná lọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Ó kí mi dáadáa, ó fún mi ní àga, kò sọ ohun kan nípa ọdún tí ó kọjá. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, ó dá abẹ̀bẹ̀ dúró.

"Ààfáà, aago mélòó ni ẹ óò sọ̀ kalẹ̀?"

Mo ní, "Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Màmá."

Ó mú èédú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó sì ní kí n kọ ọ́ sára ògiri.